Lórí Ọ̀rọ̀ Súbúfà Inú Mọ́tò Bàbá Rẹ

Ilé wa,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kí ó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Bí ara rẹ bá ti ń padà bọ̀ sípò, ìdajì àlàáfíà tèmi nìyẹn. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ bàbá rẹ, nítorí rẹ̀ sì ni mo ṣe jókòó ti tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ yìí, tí mo ń kọ̀wé. Bá mi kí ọkọ rẹ. Mo gbọ́ pé ó dúró tì ọ́ gbágbáágbá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. O mọ̀ pé ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, fojú ọmọ wò ó. Ì bá rọrùn kí n pè ọ́, àmọ́ ẹkún ni mo máa sun lórí fóònù, owó á sì máa jó bí omijé ṣe ń dà.

Àǹtí rẹ ti sọ fún mi. Àbúrò bàbá rẹ kì í gbé ọ̀rọ̀ mì, o mọ̀ ọ́n. Ó ní oyún náà ti bọ́. Ó ní o pe ilé lọ́jọ́ náà gan-an, mi ò sí nílé, bàbá rẹ ló gbé e, o sì fi ẹnu ara rẹ sọ fún un. Ó ní ńṣe ni bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, tó ní, “A dúpẹ́ o! Ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún nìyẹn.” Ó ní o pa fóònù, o sì búra pé bí ó bá kú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ránṣẹ́ pè ọ́.

Ọmọ mi, mi ò bá ọ jà. Ẹni tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí nínú ẹ̀jẹ̀ tútù lè búra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò gbọ́ ohun tí o sọ. Mi ò ní kò yé e o, mo ní kò gbọ́. Bàbá rẹ ti di adití. Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe rí, títí dé orí súbúfà tí a fi owó wa rà.

O rántí mọ́tò aláwọ̀ eérú tó fi ń kérò, àlòkù tí a rà lọ́dún tí o kúrò nílé. Sípíkà ńlá kan wà lábẹ́ pákó ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀, èyí tó bá mọ́tò wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Òun ni wọ́n ń pè ní súbúfà, òun ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ orin jáde, gbì, gbì, gbì. Kó o tó rí mọ́tò náà lójú, wàá ti gbọ́ ọ láyà. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ ní ibùdókọ̀ fi sọ bàbá rẹ ní Ààrá. Bó bá ti ń bọ̀, wọ́n á ní, “Ààrá ń sán o, ẹ ká aṣọ yín!” Èmi alágbàfọ̀ ni wọ́n ń fi ìyẹn bú pọ̀ mọ́ ọn. Inú rẹ̀ a máa dùn. Àwọn oníbàárà kan wà tí wọ́n máa ń fo mọ́tò mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó wọ tirẹ̀, nítorí orin.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé. Ó ní súbúfà ń kú lọ. Ó ní orin ò ní ìdí mọ́, pé ó dà bí ọbẹ̀ tí wọn ò fi iyọ̀ sí. Ló bá ń yí ohùn rẹ̀ sókè. Obìnrin tíṣà kan wà tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, tíṣà pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ gbé mi dé ibi iṣẹ́ ni, àbí ẹ fẹ́ fọ́ mi lórí?” Bàbá rẹ wò ó nínú dígí, ó ní, “Ẹ kú àárọ̀, mà.” Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sì wọ mọ́tò rẹ̀ mọ́. Tíṣà náà ló wá sọ ọ́ fún mi nígbà tó wá gba aṣọ rẹ̀. Bàbá rẹ ní ìgbéraga ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Nínú ilé náà, mo bi í pé ṣé ó ti jẹun, ó ní táyà ẹ̀yìn ló ń jò. Mo ní ta ló lu ọmọ aládùúgbò wa tó ń sunkún, ó ní ọ̀la ni. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Ọkùnrin tó bá ti ń jókòó sójú ẹnjìnnì láti ìdájí, mo ní ọpọlọ rẹ̀ ò ní ṣàì gbóná.

Ó wá ní òun fẹ́ pààrọ̀ súbúfà. Kò fẹ́ irú èyí tó bá mọ́tò wá, ó ní ẹnu rẹ̀ ti kéré jù. Èyí tí wọ́n ń tà lóde ló fẹ́, tó tóbi bí àwo ìfọṣọ mi. Mo bi í pé, “Ṣé súbúfà ló ń gbé èrò ni, àbí táyà?” Ẹnu mi ló ń wò bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó sì dáhùn pé, “Táyà kì í pe oníbàárà.” Mo lọ mú owó tí mo ń tọ́jú láti fi ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo ní bí oníbàárà bá padà, owó náà á padà.

Èmi àti òun la jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ọ̀gá ibẹ̀ sọ iye rẹ̀ fún mi, mo bi í bóyá wúrà ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, mágínẹ́ẹ̀tì ni.” Mo ní kó bá mi yọ mágínẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀, kó ta pépà tó kù fún mi. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì dín owó, àmọ́ kò dín in tó bó ṣe rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo sanwó tán ló tó wá sọ pé kò lè dá ṣiṣẹ́ o, pé ó ní ẹ̀rọ agbóhùnga tirẹ̀ tó ń bá a rìn, ó tún ní wáyà tó nípọn, ó tún ní àpótí tí wọ́n máa kàn án sí. Mo ní, “Ṣé mo tún máa gba yàrá fún un ni?” Bàbá rẹ ti gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ó ti ń lọ sídìí mọ́tò.

A gbé e dé ọ̀dọ̀ ríwáyà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń tún wáyà iná mọ́tò ṣe, tó máa ń fi eyín bó wáyà bí ẹni ń jẹ ìrèké. Ó yọ ìjókòó ẹ̀yìn, ó yọ pákó, ó sì fa súbúfà àtijọ́ jáde. Ó ní kí òun dán an wò kí òun tó jù ú sílẹ̀. Ó mú bátìrì rédíò kékeré kan, ó fi wáyà méjì kan ìdí súbúfà náà. Ó fò, gbì! Ó tún fi kàn án, gbì! Ríwáyà wojú mi. Ó ní, “Ìyá, èyí ò kú o. Ó tiẹ̀ lágbára ju èmi tí mo gbé e dání lọ.”

Bàbá rẹ dúró tì wá, èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi. Ó rọra mi orí, ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ fún yín. Ó ti kú.”

Ọmọ mi, ibẹ̀ ló ti yé mi. Gbogbo rẹ̀ ló dé bá mi lẹ́ẹ̀kan náà, tíṣà, táyà tó ń jò, ọ̀la. Súbúfà ò ṣe nǹkan kan. Etí ni.

Ríwáyà fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fi ojú pa á lẹ́nu mọ́. Mo fà á lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ti yọ ẹnjìnnì rẹ̀. Mo ní, “So tuntun yẹn mọ́ ọn.” Ó ní, “Ìyá, owó yín ni mò ń rò.” Mo ní, “Owó ni èmi náà ń rò.” Bí mo ṣe rò ó rèé. Bí wọ́n bá gbọ́ ní ibùdókọ̀ pé etí Ààrá ti di, ta ni yóò gbé ẹ̀mí rẹ̀ wọ mọ́tò rẹ̀? Ilé á dúró, oúnjẹ á dúró. Ṣùgbọ́n bí orin bá ń sán ààrá nínú mọ́tò, ta ni yóò mọ ẹni tí kò gbọ́? Wọ́n á ní orin ti pọ̀ jù ni, ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé etí ni. Mo ra súbúfà náà bí ẹni ń ra ọ̀dà fún ògiri tó ti la. Mo bẹ ríwáyà pé kó di ẹnu rẹ̀, ó sì dì í. Mi ò sọ nǹkan kan fún bàbá rẹ. Mo ní kó lo ìyókù ayọ̀ rẹ̀.

Súbúfà tuntun kò wọ ihò ti ilé iṣẹ́. Ẹnu wáyà rẹ̀ kò bá ti mọ́tò mu, ríwáyà sì gé e. Ó ní, “Ohun tí mo gé yìí, ẹ má retí pé ó máa padà bó ṣe wà o.” Ó fi pákó kan àpótí sí ẹ̀yìn mọ́tò, nínú búùtù, àpótí náà sì gba ìdajì ibi tí èrò ń kó ẹrù sí. Ó fa wáyà pupa láti ìdí bátìrì gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́yìn. Nígbà tó tan án, nọ́ọ̀tì orí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mẹ́káníìkì kan tó wà lábẹ́ mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sáré jáde, ó rò pé jáàkì ti yẹ̀. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé búùtù, ó dijú, ó ní, “Ó dé! Ó ti dé!” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ló fi ń gbọ́ ọ.

Ọgbọ́n náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Àwọn èrò á bú u pé orin rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fọwọ́ kàn án léjìká bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ó ń wo ẹnu wọn nínú dígí. Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, mo tiẹ̀ ń ronú ẹ̀rọ ìfọṣọ padà.

Àárín ìgbà náà ni o pè. Mo ti lọ dá aṣọ oníbàárà padà, mo sì fi fóònù sílẹ̀. Bàbá rẹ rí iná fóònù tó ń tàn, ó rí fọ́tò rẹ. Ó yẹ kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí o ti pè, ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí ọ. Ó gbé e sétí. Kò gbọ́ ju nǹkan bí afẹ́fẹ́ lọ. Kí ni ì bá tún rò? Ó mọ̀ pé oyún wà nínú rẹ. Ó rò pé o ní ara rẹ le, pé ọmọ ń tapá ń tasẹ̀. Ohun tó yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló fi dá ọ lóhùn. Nígbà tí mo dé, ó ní, “Ọmọ wa pè. Oyún ń lọ dáadáa.” Èmi tí mo mọ̀ pé kò gbọ́, mo gbà á gbọ́, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ. Mo yọ àwọn aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tó ti rọ̀, mo gé wọn fún ìdí ọmọ. Nígbà tí mo bá pè ọ́, tí o kò gbé e, mo ní oorun oyún ni.

Kò pẹ́ tí ògiri fi fi ara rẹ̀ hàn. Bàbá rẹ ń fi mọ́tò rìn sẹ́yìn ní ibùdókọ̀, oníbúrẹ́dì kan ń ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá lẹ́yìn. Gbogbo èèyàn pariwo. Agbèrò fi ìkúùkù lu búùtù, gbà, gbà, gbà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí awakọ̀ lè dúró. Kò sí awakọ̀ tí kò mọ ìyẹn. Bàbá rẹ náà mọ̀ ọ́n lára, ìjókòó rẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n inú búùtù ni súbúfà wà, bó ṣe ń lu ẹ̀yìn rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ nìyẹn. Ó rò pé orin ni. Kò dúró títí tí ọmọlanke fi fọ́, tí ẹsẹ̀ oníbúrẹ́dì sì kán lábẹ́ rẹ̀.

Alága àwọn awakọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú wa lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà etí. Dókítà fi ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ létí, ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì, ó wá ní iṣan inú rẹ̀ ti kú ní méjèèjì. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ariwo ọdún pípẹ́ ló jẹ ẹ́. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí kò lè jí òkú. Mo bi í pé kí ni mo lè rà. Ó ní, “Ìyá, kò sí nǹkan tí ẹ lè rà.” Láti ìgbà tí mo ti dáyé, kò sí ohun tí wọ́n sọ fún mi pé mi ò ní sanwó rẹ̀ tó dùn mí bí èyí.

A ta mọ́tò láti fi tọ́jú ẹsẹ̀ oníbúrẹ́dì. Ẹni tó rà á ṣí búùtù, ó ní, “Ta ló gé wáyà ilé iṣẹ́?” Ó ní èyí tó bá mọ́tò wá lòun ń fẹ́, òun ò fẹ́ àpótí òkú yìí. Ó gé owó bí ríwáyà ṣe gé wáyà. Àpótí náà wà nínú yàrá wa báyìí.

Mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo bi bàbá rẹ pé, “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?” Ohùn rẹ̀ ti ga jù nígbà yẹn, kò mọ bó ṣe ń lọ sókè mọ́, gbogbo ojúlé ló gbọ́ èsì rẹ̀. Ó ní, “Mo rí i tó fò lọ́wọ́ ríwáyà. Mi ò fọ́jú. Ìwọ ni mi ò fẹ́ kí o mọ̀. Mo ní bí ariwo bá pọ̀, wàá rò pé ariwo ni.” Ọmọ mi, ọgbọ́n kan náà ni! Mò ń fi pa mọ́ fún ibùdókọ̀, òun ń fi pa mọ́ fún mi. Owó kan náà la fi rà á.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àǹtí rẹ wá sọ ọ̀rọ̀ oyún náà. Mi ò lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pa mọ́ fún bàbá rẹ. Mi ò sì lè pariwo rẹ̀, ògiri ilé wa kò nípọn ju páálí lọ. Mo kọ ọ́: “Oyún ọmọ wa ti bọ́. Ọjọ́ tó pè, ohun tó sọ fún yín nìyẹn.” Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó tún un kà. Ó wá gbójú sókè, ó bi mí pé, “Kí ni mo fi dá a lóhùn?”

Ojoojúmọ́ ni mò ń kọ orúkọ sára aṣọ oníbàárà. Ọjọ́ náà, bíró ò ṣeé tẹ̀. Ó tún bèèrè, ó pariwo rẹ̀, aládùúgbò wa sì pa rédíò rẹ̀ kó lè gbọ́. Mo ronú irọ́ tí mo lè kọ. Ṣùgbọ́n irọ́ ti tó nínú ilé yìí, a ti sanwó rẹ̀. Mo kọ ọ́ bí àǹtí rẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó kà á. Ó ká ìwé náà, ó fi sápò. Láti ọjọ́ náà, bàbá rẹ kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kì í bá mi sọ̀rọ̀, kì í dá àwọn tó ń wá kí i lóhùn. Etí ló kú fúnra rẹ̀. Ẹnu, òun ló pa á.

Mi ò ní kí o dárí jì í, nítorí mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ ọ́. Mi ò ní kí o pè é, ta ni yóò gbọ́? Bí o bá lè wá, wá jókòó níwájú rẹ̀ kó rí ojú rẹ. Mi ò lè ṣèlérí pé yóò sọ̀rọ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá yóò lè gbójú sókè wò ọ́. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé ọmọ tí kò sí mọ́ ni inú rẹ̀ ń dùn sí lọ́jọ́ náà.

Kí Ẹlẹ́dàá tù ọ́ nínú níbi tí ọwọ́ mi kò dé. Kí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ má ṣe wá kó èyí tó kù. Kí ilé rẹ má di ahoro, kí ìwọ àti ọkọ rẹ má ṣe fi nǹkan pa mọ́ fún ara yín títí tí yóò fi pẹ́ jù. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ lọ́mọ, tó ń ronú rẹ lórí gbogbo aṣọ tó ń fọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Bí ọkọ rẹ bá mọ ẹni tó fẹ́ súbúfà, tuntun ni o, kò tíì lo òjò kan tán, mo sì máa fi àpótí rẹ̀ ṣe èènì. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún kó tó sanwó, kó wá nígbà tí bàbá rẹ bá lọ jókòó níta. Kò ní gbọ́ ọ, àmọ́ bó bá wà nínú yàrá, yóò mọ̀ ọ́n lábẹ́ ẹsẹ̀.